Coober Pedy: ìlú awakùsà tó wọ abẹ́ ilẹ̀ lọ

Ó ṣeé ṣe kí àwòrán rẹ̀ ti gba orí fóònù yín kọjá rí: pálọ̀ kan tó ní àga ìrọ̀gbọ̀kú, tẹlifíṣọ̀n àti kápẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n tí ògiri àti òrùlé rẹ̀ jẹ́ òkúta pupa rúsúrúsú tí eyín ẹ̀rọ ti fa ìlà sí lára yípo. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa ń kọ mọ́ ọn kì í yàtọ̀: ìlú kan wà ní Ọsirélíà tí gbogbo ará ibẹ̀ ń gbé inú ihò. Lábẹ́ rẹ̀ ni àríyànjiyàn á ti bẹ̀rẹ̀. Ẹnìkan á ní góòlù ni wọ́n ń wà. Òmíràn á ní inú kùsà gan-an ni wọ́n ń sùn, kí olè má baà jí ohun tí wọ́n rí kó. Ẹnìkẹta á ní ilé-iṣẹ́ ńlá kan ló kó wọn dà síbẹ̀.

Kò sí èyí tó tọ̀nà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kì í sì í ṣe gbogbo ará ìlú náà ló ń gbé abẹ́ ilẹ̀. Bí ìdajì wọn ni. Orúkọ ìlú náà ni Coober Pedy. Inú aṣálẹ̀ ìpínlẹ̀ South Australia ló wà, létí títì Stuart tó gba àárín Ọsirélíà kọjá láti gúúsù lọ sí àríwá. Láti Adelaide, tó jẹ́ olú-ìlú ìpínlẹ̀ náà, ìrìn ọkọ̀ bíi kìlómítà 850 ni. Ẹni tó bá tún ń lọ sí Alice Springs níwájú ṣì ní nǹkan bíi 690 láti rìn. Láàárín méjèèjì, ibi téèyàn ti lè rí epo rà kò pọ̀. Òjò ibẹ̀ kéré gan-an, igi ṣọ̀wọ́n, ilẹ̀ sì tẹ́ pẹrẹsẹ lọ títí ojú kò fi ní rí òpin rẹ̀ mọ́. Nígbà tí ìjọba ka èèyàn lọ́dún 2016, èèyàn 1,762 ni wọ́n bá níbẹ̀.

Ohun tí wọ́n ń wá ni ópàlì, òkúta ọ̀ṣọ́ tó ń kọ mànà bí èèyàn bá ti ń yí i padà lọ́wọ́: pupa, àwọ̀ ewé, búlúù, ọsàn, gbogbo rẹ̀ lára òkúta kan ṣoṣo. Ẹni tó bá mọ ìwà òkúta yìí ti mọ ìlú náà tán. Òun ló fà á tí ilé fi wà lábẹ́ ilẹ̀, òun ló lé ilé-iṣẹ́ ńlá sá, òun ló sì fà á tí ẹnikẹ́ni kì í fi sọ iye tó rí létí aládùúgbò rẹ̀.

Òkúta tí kì í jẹ́ kí wọ́n mọ ibi tí òun wà

Sílíkà ni ópàlì. Sílíkà ló pọ̀ jù nínú yanrìn, òun náà ni wọ́n ń yọ́ ṣe gíláàsì. Ní nǹkan bíi mílíọ̀nù ọdún 110 sẹ́yìn, òkun ló bo ibi tí aṣálẹ̀ yìí wà. Ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ òkun náà dì, ó di ilẹ̀ tí wọ́n ń gbẹ́ lónìí. Nígbà tó yá, omi tó ń gba inú ilẹ̀ kọjá bẹ̀rẹ̀ sí í gbé sílíkà lọ, ó ń rọra dà á sínú ojú ibi tó là àti ihòkíhò tó bá bá pàdé, sílíkà náà ń dì síbẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ìgbà tí èyí ṣẹlẹ̀ gan-an, àwọn onímọ̀ ilẹ̀ ṣì ń bá ara wọn jiyàn lé e lórí.

Ibi tó ti ta kókó nìyí. Bí sílíkà náà bá dì wúruwùru, kò ní àwọ̀ kankan. Àwọn awakùsà ń pe irú èyí ní potch, ẹ̀gbẹ́ kan ni wọ́n ń dà á sí. Ṣùgbọ́n bó bá dì ní hóró kéékèèké tó rí róbótó, tí gbogbo wọn dọ́gba, tí wọ́n sì tò léra bí ọsàn orí àtẹ, ìmọ́lẹ̀ tó bá gba àlàfo àárín wọn kọjá á pín sí àwọ̀ oríṣiríṣi. Ojú lásán kò lè rí hóró wọ̀nyẹn. Ọdún 1964 ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ilẹ̀ Ọsirélíà fi maikirosikópù alágbára wò wọ́n, tí wọ́n sì rí ibi tí àwọ̀ náà ti ń wá.

Nítorí náà, ohun kan náà ni potch tí wọ́n ń dànù àti ópàlì tí wọ́n ń tà lówó gọbọi. Bí hóró wọn ṣe tò léra nìkan ni ìyàtọ̀. Kò sí ẹ̀rọ tí wọ́n lè gbé sórí ilẹ̀ tó máa sọ pé ópàlì wà lábẹ́ ibí, pé potch ni èyí tó wà lọ́hùn-ún. Góòlù máa ń fi àmì sílẹ̀. Irin máa ń fa mágínẹ́ẹ̀tì. Ópàlì dákẹ́ síbi tó wà ni.

Nígbà mìíràn, ihò tí sílíkà wọ̀ kì í ṣe ojú ibi tí ilẹ̀ là. Àyè tí ìkarahun tàbí egungun ẹ̀dá inú òkun kan fi sílẹ̀ nínú ẹrẹ̀ ni, ópàlì á wá gba ìrísí rẹ̀. Ní 1987, awakùsà kan ní Coober Pedy hú egungun ẹranko òkun ayé àtijọ́ kan tó ti di ópàlì. Wọ́n sọ ọ́ ní Eric. Nígbà tí ẹ̀rù ń bani pé ẹni tó rà á lè fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́ tà, àwọn ará Ọsirélíà dá owó jọ, títí kan àwọn ọmọ iléèwé. Ó wà ní ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní Sydney báyìí.

Ilé-iṣẹ́ ńlá dà?

Nínú aṣálẹ̀ ìpínlẹ̀ kan náà ni Roxby Downs wà. Ní 1975, ilé-iṣẹ́ Western Mining Corporation rí bàbà àti yuréníọ̀mù lábẹ́ ilẹ̀ ní Olympic Dam tó wà nítòsí ibẹ̀. Wọ́n lu ilẹ̀ káàkiri, wọ́n kó òkúta inú rẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò, wọ́n ṣírò iye tọ́ọ̀nù tó wà níbẹ̀ àti iye ọdún tó máa gbà láti wà á tán. Ìṣirò yẹn ló mú owó jáde. Wọ́n kọ́ Roxby Downs ní ìlú tuntun fún òṣìṣẹ́, pẹ̀lú títì, iléèwé àti ilé tó tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́, iṣẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ ní 1988. Títí dòní, owó oṣù ni wọ́n ń gbà níbẹ̀.

Ópàlì kò gba irú ìṣirò bẹ́ẹ̀. Ẹnìkan lè lu ilẹ̀ rẹ̀ ní ọ̀nà mẹ́wàá kó má bá nǹkan kan, kí ẹlòmíràn lu ẹyọ kan péré ní ìtòsí rẹ̀ kó bá ohun tó máa fi ra ilé ní Adelaide. Báǹkì wo ló máa yá èèyàn lówó lórí "bóyá"? Orí ló ń ṣe é, báǹkì kì í sì í gba orí ní dúkìá ìdúró.

Òfin náà tún wá ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn olówó ńlá. Òfin ìwakùsà ópàlì tí ìpínlẹ̀ South Australia ṣe ní 1995 sọ pé ẹni tó bá ní ìwé àṣẹ, pulọ́ọ̀tì kan ṣoṣo ló lè dì mú lẹ́ẹ̀kan náà. Kékeré rẹ̀ jẹ́ mítà 50 níbùú àti lóròó, ńlá rẹ̀ jẹ́ mítà 100 sí 50. Ẹni náà á ri òpó mọ́ igun rẹ̀, á lọ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Bó bá sú u, á jọ̀wọ́ rẹ̀, á lọ ri òpó síbòmíràn nínú ilẹ̀ tí ìjọba yà sọ́tọ̀ fún ópàlì yí ìlú náà ká, ilẹ̀ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 5,000 kìlómítà onígun mẹ́rin. Àwọn kan máa ń ní ìjọba ló ń dáàbò bo mẹ̀kúnnù pẹ̀lú òfin yìí. Ó rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, òkúta náà ló ti kọ́kọ́ ṣòfin, ìjọba kàn kọ ọ́ sílẹ̀ ni.

Ibi tí ẹnikẹ́ni kò ti lè gba ju pulọ́ọ̀tì kan lọ, tí kò sí owó oṣù, tí kò sì sí ọ̀gá, irú èèyàn kan ló máa ń fà mọ́ra: ẹni tó fẹ́ dá dúró, ẹni tó ń sá fún nǹkan, ẹni tí kò ní ìwé ẹ̀rí, ẹni tó gbà pé ọ̀la ni tòun. Ìtàn ìlú náà kún fún wọn.

Ọmọdé ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀

Góòlù tí àwọn èèyàn ń sọ lórí fóònù ní ìdí díẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1915, Jim Hutchison àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ń wá góòlù kiri aṣálẹ̀ yìí. Wọn kò rí. Omi pàápàá ti ń tán lọ́wọ́ wọn. Ọmọ Jim, Willie, tó jẹ́ ọmọ ọdún 14, wà pẹ̀lú wọn. Lọ́jọ́ kìíní oṣù Kejì, wọ́n fi í sílẹ̀ kó máa ṣọ́ àgọ́, àwọn àgbà wá omi lọ. Ta ní fẹ́ ṣọ́ àgọ́ lọ́mọ ọdún 14? Òun náà jáde, ó ń wá omi lọ ní ẹsẹ̀ àwọn òkè kéékèèké, ó wá bá òkúta tó ń dán yanran nílẹ̀ẹ́lẹ̀, láìgbẹ́ ilẹ̀ rárá. Ọjọ́ kẹjọ lẹ́yìn náà, wọ́n ti ri òpó pulọ́ọ̀tì àkọ́kọ́ mọ́lẹ̀.

Àwọn tó ṣe ojú irin tó so ìlà-oòrùn Ọsirélíà mọ́ ìwọ̀-oòrùn rẹ̀ parí iṣẹ́ wọn ní 1917, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì yà wá síbẹ̀. Lẹ́yìn wọn ni àwọn sójà tó ti ogun àgbáyé àkọ́kọ́ dé. Àwọn wọ̀nyí ti gbé inú kòtò ogun ní Yúróòpù, wọ́n mọ bí èèyàn ṣe ń sọ ihò di ilé, àwọn ni wọ́n sì sọ pé wọ́n dá àṣà gbígbé abẹ́ ilẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀. Ní 1920, wọ́n pa orúkọ ibẹ̀ dà sí Coober Pedy, tí wọ́n yọ láti inú ọ̀rọ̀ àwọn onílẹ̀, ìyẹn àwọn tó ti ń gbé ibẹ̀ kí òyìnbó tó dé.

Nígbà tí ọrọ̀ ajé àgbáyé dẹnu kọlẹ̀ ní àwọn ọdún 1930, kò sẹ́ni tó ń ra òkúta ọ̀ṣọ́ mọ́, ìlú náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dahoro. Obìnrin kan láàárín àwọn onílẹ̀, Tottie Bryant, ló tún jí i dìde. Ní 1946 ló rí ópàlì níbi tí wọ́n ń pè ní Eight Mile, àwọn èèyàn sì rọ́ padà wá. Ibi kan náà ni wọ́n ti gbẹ́ Olympic Australis jáde ní 1956, ópàlì tó wúwo tó káráàtì 17,000, ìyẹn ju kílò mẹ́ta lọ. Ọdún yẹn ni Melbourne gbàlejò ìdíje Òlíńpíìkì, ibẹ̀ ni orúkọ rẹ̀ ti wá. Ní 2005, wọ́n díye lé e ní mílíọ̀nù méjì àbọ̀ dọ́là Ọsirélíà.

Àwọn ọdún 1960 ló sọ ìlú náà di ohun tí à ń rí lónìí. Àwọn tó ń kúrò ní Yúróòpù lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì dé lọ́pọ̀ yanturu: ará Gíríìsì, Ítálì, Kroéṣíà, Sẹ́bíà, Họ́ńgárì, Jámánì. Ẹni tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì lè má ríṣẹ́ ní ọ́fíìsì Adelaide, ṣùgbọ́n ilẹ̀ aṣálẹ̀ kò bi ẹnikẹ́ni ní Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n máa ń ní ẹ̀yà tó wà ní ìlú kékeré yẹn ju 45 lọ. Àwọn ará Sẹ́bíà gbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì tiwọn sínú òkúta, òrùlé rẹ̀ ga, ògiri rẹ̀ sì ní ère tí wọ́n gbẹ́ sára òkúta náà fúnra rẹ̀. Àwọn Kátólíìkì ti ní tiwọn lábẹ́ ilẹ̀ ṣáájú ìgbà yẹn. Àwọn awakùsà yìí ń lo ohun abúgbàù lójoojúmọ́, débi pé níbi sinimá ìta gbangba tí ìlú náà ṣí ní 1965, tí wọ́n ti ń jókòó sínú mọ́tò wòran, wọ́n ń fi ìkìlọ̀ hàn lójú àwòrán pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbé ohun abúgbàù wọlé. Kì í ṣe àwàdà nígbà náà.

Títì ọlọ́dà kò sì dé ọ̀dọ̀ wọn tán títí di 1987. Kí ìyẹn tó dé, òjò ńlá kan ti tó láti gé wọn kúrò lára ayé.

Ilé inú òkè

Èrò pé inú kùsà ni wọ́n ń sùn ló ń dani láàmú jù, torí ó jọ òótọ́. Ọ̀tọ̀ ni kùsà, ọ̀tọ̀ ni ilé. Kùsà jẹ́ kòtò tó lọ sísàlẹ̀ gbọọrọ, ó lè jìn tó mítà 25, àkàbà tàbí okùn ni wọ́n fi ń wọ̀ ọ́. Ilé kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ òkè ni wọ́n máa ń gbẹ́ wọ̀, tí ilẹ̀kùn á fi wà ní ojú ilẹ̀ gẹ́gẹ́ bíi ti ilé gbogbo. Èèyàn á ṣí ilẹ̀kùn, á rìn wọlé tààrà, á sì gbé mọ́tò rẹ̀ síwájú ìta. Lóòótọ́, láyé àtijọ́, kùsà tó ti gbẹ ni àwọn mìíràn kọ́kọ́ ń tún ṣe di ibùsùn.

Wọ́n máa ń fi òkúta tó nípọn tó mítà mẹ́rin sílẹ̀ lórí iyàrá, kí òrùlé má baà já. Ẹ̀rọ tó ń gbẹ́ ọ̀nà inú kùsà náà ni wọ́n ń lò, òun ló sì ń fa ìlà tí ẹ ń rí lára ògiri inú àwòrán. Lẹ́yìn náà, wọ́n á kun ògiri pẹ̀lú ohun tó ń dán bíi fánííṣì, kí erùpẹ̀ má baà máa bọ́ sínú ọbẹ̀. Ilé ìdáná àti balùwẹ̀ sábà máa ń wà níwájú, nítòsí ẹnu ọ̀nà, torí omi ẹ̀gbin gbọ́dọ̀ rí ọ̀nà jáde. Iyàrá ibùsùn ló máa ń wà lẹ́yìn, kò sì ní fèrèsé. Bí iná bá kú níbẹ̀, òkùnkùn náà ṣú biribiri débi pé ọwọ́ ẹni kò ní hàn síni. Fún atẹ́gùn, wọ́n máa ń lu ihò tẹ́ẹ́rẹ́ láti inú iyàrá yọ sórí òkè, wọ́n á fi páìpù sí i lẹ́nu. Àlejò tó bá ń rìn lórí òkè á rí páìpù tó yọrí jáde káàkiri, kò ní mọ̀ pé pálọ̀ ẹlòmíràn lòun ń tẹ̀ mọ́lẹ̀.

Èrè rẹ̀ hàn gbangba. Ìgbà ooru wọn jẹ́ láti oṣù Kejìlá sí oṣù Kejì, ooru ìta sì lè kọjá dígírì 45 nígbà náà. Bó bá di oṣù Keje, òtútù òru á sún mọ́ òdo. Nínú ilé abẹ́ ilẹ̀, ó máa ń wà láàárín 23 sí 25 láti oṣù Kìíní dé oṣù Kejìlá, láìsí ẹ̀rọ amúlétutù, láìsí iná yíyá. Eṣinṣin tó ń yọ ará ìta lẹ́nu kì í wọ inú òkùnkùn. Igi tí wọn ì bá fi kọ́lé kò sí nítòsí, owó tí wọn ì bá fi kó o wá pọ̀, bẹ́ẹ̀ sì rèé, gbogbo wọn ló ti ní irinṣẹ́ ìgbẹ́lẹ̀ nílé. Nítorí náà, nígbà tí èèyàn bá gbọ́ pé wọ́n "sá wọ abẹ́ ilẹ̀", kó rántí pé ọwọ́ tó ti mọ ilẹ̀ gbígbẹ́ ni wọ́n fi kọ́lé, kò sì ná wọn tó ilé òkè.

Ohun kan tún wà tó ń pa mí lẹ́rìn-ín. Ìjọba ti fòfin de wíwa ópàlì láàárín ìlú. Kò sì fòfin de fífi iyàrá kún ilé ẹni. Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò. A máa ń gbọ́ pé ìdílé kan fẹ́ gbẹ́ iyàrá kan sí i, pé ópàlì tí wọ́n bá níbẹ̀ ló san owó iṣẹ́ náà. Bóyá nítorí ọmọ tó ń dàgbà ni wọ́n ṣe fẹ́ iyàrá náà lóòótọ́, bóyá kì í ṣe nítorí ọmọ.

Iṣẹ́ náà gan-an

Ọkọ̀ tó ru ẹ̀rọ ìlulẹ̀ ló ń kọ́kọ́ dé. Ó máa lu kànga tó fẹ̀ tó kí èèyàn kan wọ̀. Àwọn awakùsà á sọ̀ kalẹ̀, wọ́n á máa wo ògiri rẹ̀ bóyá ìlà potch kankan wà, torí ibi tí potch bá wà, ópàlì lè wà nínú ìlà kan náà síwájú. Bí wọ́n bá rí àmì, wọ́n á sọ ẹ̀rọ tó ń gbẹ́ ọ̀nà kalẹ̀, wọ́n á tẹ̀ lé ìlà náà lọ. Bí ẹnu ẹ̀rọ bá fọ́ ohun kan, tó dún bí ìgbà tí gíláàsì fọ́, ọkàn gbogbo wọn á já. Wọ́n á dá ẹ̀rọ dúró. Láti ibẹ̀ lọ, jígà kékeré àti ìtúdè ìṣó ló kù, wọ́n á máa rọra ha ilẹ̀ lórí eékún, pẹ̀lú iná lórí.

Erùpẹ̀ tí wọ́n gbẹ́ ńkọ́? Ọkọ̀ kan wà tí wọ́n ń pè ní blower, àwọn ará ibẹ̀ fúnra wọn ló sì máa ń ṣe é. Ó gbé àgbá irin ńlá kan sí òkè, páìpù tó tóbi ti ibẹ̀ wọ inú kànga lọ. Ó ń fa erùpẹ̀ àti òkúta sókè bí ẹ̀rọ ìgbálẹ̀ ṣe ń fa eruku. Bí àgbá bá kún, ìdí rẹ̀ á ṣí, gbogbo rẹ̀ á dà sílẹ̀ gbì, á di òkìtì ṣóńṣó. Òkìtì wọ̀nyẹn ló bo ilẹ̀ ibẹ̀ lọ títí, funfun àti pupa, kànga kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkìtì kọ̀ọ̀kan. Ọkọ̀ blower ni wọ́n gbé kọ́ sókè létí títì tó wọ ìlú, tí wọ́n kọ orúkọ ìlú sí.

Ojú kì í rí gbogbo ohun tó bá erùpẹ̀ jáde, nítorí náà àwọn kan ń ṣiṣẹ́ lórí òkìtì tí awakùsà ti fi sílẹ̀. Noodling ni wọ́n ń pe iṣẹ́ yìí. Àwọn tó ń fọwọ́ ṣe é á jókòó ti òkìtì, wọ́n á máa sẹ́ erùpẹ̀. Àwọn tó ní ẹ̀rọ á da erùpẹ̀ sórí bẹ́líìtì tó ń gba inú yàrá òkùnkùn kan kọjá, níbi tí iná aláwọ̀ àlùkò wà. Ópàlì àti potch máa ń tàn funfun lábẹ́ iná yẹn. Ẹni tó jókòó síbẹ̀ á máa mú wọn bí wọ́n ṣe ń kọjá, fún ọ̀pọ̀ wákàtí, láìgbójú sókè.

Ẹni méjì tàbí mẹ́ta ló sábà máa ń pa owó pọ̀ ra epo àti ẹ̀rọ, wọ́n á sì pín èrè bí wọ́n ṣe dá owó. Ẹni tó rí nǹkan kì í pariwo. Ìdí ni pé àwọn olè kan wà tí wọ́n ń wọ inú kùsà ẹlòmíràn lóru láti ha ohun tó ti rí. Àwọn tó ń rà á, tí ọ̀pọ̀ wọn ń wá láti Hong Kong, máa ń gba iyàrá ní òtẹ́ẹ̀lì, wọ́n á wo òkúta lójú ìmọ́lẹ̀, wọ́n á san owó lọ́wọ́.

Àwọn tó ni ilẹ̀

Gbogbo ìtàn ọmọdé àti sójà tí mo sọ lókè ṣẹlẹ̀ lórí ilẹ̀ tó ti ní onílẹ̀ ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn. Ní 2011, ilé ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ gbà pé àwọn Antakirinja Matu-Yankunytjatjara ní ẹ̀tọ́ àjogúnbá lórí ilẹ̀ agbègbè yìí. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń gbé Umoona, ládùúgbò tiwọn nínú ìlú náà. Noodling jẹ́ iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ nínú wọn fi ń jẹun nígbà tí àwọn àjèjì ń gbẹ́lẹ̀.

Àwọn àgbà obìnrin wọn ló ṣe ohun tó gbé orúkọ Coober Pedy dé ibi tí ópàlì kò gbé e dé. Ní oṣù Kẹwàá 1953, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dán bọ́ǹbù átọ́míìkì wò ní Emu Field, nínú aṣálẹ̀ yìí kan náà. Ìkùukùu dúdú kan gba orí àwọn onílẹ̀ kọjá, àwọn tó là á já sì ń sọ nípa àìsàn ojú àti ti awọ ara tó tẹ̀ lé e. Nítorí náà, nígbà tí ìjọba àpapọ̀ Ọsirélíà dábàá ní 1998 pé òun fẹ́ ri ìdọ̀tí tó ní ìtànṣán olóró mọ́ ilẹ̀ wọn, ẹgbẹ́ àwọn ìyá àgbà tó ń jẹ́ Kupa Piti Kungka Tjuta dìde. Wọ́n kọ lẹ́tà, wọ́n rìnrìn àjò, wọ́n bá ẹnikẹ́ni tó fẹ́ gbọ́ sọ̀rọ̀, wọ́n ń sọ gbólóhùn kan náà ní èdè wọn: Irati Wanti, ẹ fi májèlé náà sílẹ̀. Ní 2003, méjì nínú wọn, Eileen Kampakuta Brown àti Eileen Wani Wingfield, gba ẹ̀bùn Goldman tí wọ́n ń fún àwọn tó ń jà fún àyíká. Ní 2004, ìjọba pa ètò náà tì.

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé báyìí

Omi ni wọ́n kọ́kọ́ fi ràkúnmí àti táńkì kó wá. Láti 1985, wọ́n ń fà á láti inú bọ́ọ̀hóólù kan tó wà ní nǹkan bíi kìlómítà 24 sí ìlú, wọ́n á sì sẹ́ iyọ̀ inú rẹ̀ kúrò kó tó ṣeé mu. Iná mànàmáná ìjọba kò dé ọ̀dọ̀ wọn. Jẹnẹrétọ̀ onídíísù nìkan ni wọ́n gbára lé títí di 2017, tí wọ́n fi ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ méjì, pánẹ́ẹ̀lì oòrùn àti bátìrì ńlá kún un. Oòrùn àti afẹ́fẹ́ ń gbé nǹkan bí ìdá 70 nínú 100 iná tí wọ́n ń lò báyìí. Owó àti gbèsè káńsù náà kò dára tó bẹ́ẹ̀: ní 2019, ìjọba ìpínlẹ̀ dá àwọn káńsẹ́lọ̀ dúró, wọ́n sì yan alákòóso lé e lórí.

Àwọn awakùsà ń dàgbà, àwọn tó ń rọ́pò wọn kò pọ̀. Díísù wọ́n, ẹ̀rọ wọ́n, kò sì sí ìdánilójú. Ọ̀dọ́ tó bá fẹ́ ṣiṣẹ́ kùsà lè lọ sí Prominent Hill, níbi tí ilé-iṣẹ́ ti ń wa bàbà àti góòlù láti 2009, nǹkan bíi kìlómítà 130 sí wọn. Owó oṣù wà níbẹ̀, ìsinmi wà níbẹ̀. Ọjà pàápàá ti yí padà. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, Ọsirélíà nìkan ló ń pèsè èyí tó pọ̀ jù nínú ópàlì ayé, ṣùgbọ́n láti 2008 tí wọ́n ti rí ópàlì ní Wollo ní Etiópíà, àwọn oníṣòwò ti ní ibòmíràn tí wọ́n ti lè rà á ní owó pọ́ọ́kú.

Àwọn arìnrìn-àjò ló ń di àlàfo náà. Wọ́n ń sùn ní òtẹ́ẹ̀lì abẹ́ ilẹ̀, wọ́n ń wo ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ń gbá gọ́ọ̀fù lórí pápá tí koríko kankan kò hù sí, níbi tí olúkúlùkù ti ń gbé ẹ̀já koríko kékeré tirẹ̀ kiri láti gbá bọ́ọ̀lù lórí rẹ̀. Bí ọ̀kan nínú yín bá débẹ̀, ibi kan wà nínú ìlú tí ìjọba yà sọ́tọ̀ fún noodling, tí àlejò lè sẹ́ erùpẹ̀ láìgba ìwé àṣẹ. Ibi tí àwọn awakùsà ti ń ṣiṣẹ́ ní tirẹ̀ kò ní odi, àìmọye kànga rẹ̀ ni wọn kò sì dí. Àkọlé ìkìlọ̀ tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ síbẹ̀ ní kí èèyàn má sáré, kí ó má sì fi ẹ̀yìn rìn. Ti ẹ̀yìn rírìn yẹn wà fún àwọn tó ń ya fọ́tò.